Igbó Ọdẹ ní Ilẹ̀ Àwórì, àti Ohun tí Ọdẹ Ń San Lórí Rẹ̀

Ní àwọn ọdún tí mo fi ń bá àwọn ọmọ ìjọ gbé ní ẹkùn Alímọ̀ṣọ́, nínú èyí tí Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìgándò, Ìdímù àti Ìpájà wà, kò sí ọ̀ràn tí a ń gbé wá sí iwájú àlùfáà lemọ́lemọ́ tó ọ̀ràn ilẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jọ ara wọn, wọ́n sì ti kúrò ní ọkàn mi. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí kò kúrò, nítorí pé orí itan àgbọ̀nrín ni gbogbo rẹ̀ dúró lé.

Bàbá kan ti ilẹ̀ Ẹ̀gbá wá, ọdẹ ni. Ó tọ àwọn onílẹ̀ abúlé kan lọ ní ẹkùn yìí pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa dẹ igbó wọn, wọ́n sì gbà fún un. Ó pa àgọ́ sí ìdí igi ìrókò kan. Nígbàkúùgbà tí ó bá pa ẹran ńlá, a rán itan kan lọ sí ilé onílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ó gbin obì yí àgọ́ náà ká, ó sì gbin ọ̀pẹ lé e. Àgọ́ di ahéré, ahéré di ilé. Ó kú, a sì sin ín síbẹ̀. Nígbà tí ìlú Èkó gbòòrò dé ọ̀dọ̀ wọn, tí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè tẹ́lẹ̀ di ohun tí a ń fi owó ńlá rà, àwọn ọmọ ọdẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí gé e tà ní pulọ́ọ̀tì. Ìdílé onílẹ̀ dìde, wọ́n ní, "Bàbá yín kò ra ilẹ̀ yìí. Ọdẹ ni, itan ni ó ń san fún wa." Àwọn ọmọ dáhùn pé, "Itan kì í ṣe owó ilẹ̀. Bàbá wa fi ẹran ṣe aládùúgbò ni." Kò sí ìwé kankan. Àwọn tí ó ṣe àdéhùn náà ti kú tán. Àwọn méjèèjì sì wá bẹ̀ mí pé kí n bá wọn dá sí i.

Kí ènìyàn tó lè dá sí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó mọ ohun tí igbó ọdẹ jẹ́ lójú àwọn bàbá wa. Mo ti kíyèsí i pé àwọn olùkọ́ wa tí ń kọ́ ọmọ ní ìtàn kì í sábà fi ẹnu bà á. Wọn a sọ ti ogun àti ti ọba, wọn a fi igbó sílẹ̀. Nítorí èyí ni mo ṣe kọ ìwé kékeré yìí.

Ẹ̀yin òǹkàwé mọ̀ pé ọdẹ ni ìtàn fi ṣe bàbá ńlá àwọn Àwórì. Ògúnfúnminíre ni orúkọ rẹ̀, láti Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n sọ pé ó ti wá. Ó ń tẹ̀lé àwo kan tí ń léfòó lórí omi, títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹ̀rì. Láti inú "àwo rì" yìí ni a sì ti fa orúkọ Àwórì yọ. Ọlọ́fin ni a ń pè é lẹ́yìn náà. Kì í ṣe àwọn Àwórì nìkan ni ó ń sọ irú ìtàn yìí. Nínú ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ọdẹ ni a ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ojú kan ibẹ̀, èyí kò sì yani lẹ́nu. Ọdẹ ni ó mọ odò tí kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹran ń lọ mu omi. Ọdẹ ni ó mọ ibi tí ilẹ̀ dúdú wà. Ibi tí ó pa àgọ́ sí lónìí ni ìyàwó rẹ̀ yóò gbin ilá sí ní ọdún tí ń bọ̀. Onílẹ̀ tí bàbá ńlá tirẹ̀ gba ọ̀nà ọdẹ di onílẹ̀ kò lè ṣàì mọ ohun tí ọdẹ àjèjì lè dà bí a kò bá fi ìjánu sí i.

Igbó pọ̀ ní apá ibí yìí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ogun ti lé ènìyàn kúrò ní ọ̀pọ̀ abúlé; àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ́gun Ọ̀tà ní 1842, jìnnìjìnnì rẹ̀ sì dé gbogbo Àwórì. Nígbà tí àlàáfíà dé, àgbẹ̀ ni ó kọ́kọ́ padà wọ igbó. Ọkọ̀ ojú irin tí a bẹ̀rẹ̀ sí ṣe láti Èkó ní 1896 gba Àgége kọjá, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Àwọn ọmọ Èkó tí òwò kò fi bẹ́ẹ̀ gbè mọ́ gba ilẹ̀ ní ìhà Àgége, wọ́n gbin kòkó àti obì, J. K. Coker ti Ìfàkọ̀ ni a mọ̀ jùlọ nínú wọn, ní 1907 ni wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Àgége sílẹ̀. Bí oko ti ń gbòòrò ni igbó ọdẹ ń súnkì. Ìgbà yìí ni iye igbó ti wá hàn sí onílẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó gbà á àti ohun tí ó ń san fi di ohun tí a ń fi ojú sí gidigidi.

Bí ọdẹ àjèjì bá fẹ́ dẹ igbó kan, ilé ni ó kọ́kọ́ ń lọ. Bí ó bá wọ igbó ṣáájú, tí a sì gbọ́ ìró ìbọn rẹ̀, olè ni a ó pè é. Tàbí, èyí tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọdẹ mìíràn lè ṣì í yìn fún ẹran. Nítorí náà yóò wá ọ̀rẹ́ tàbí àna rẹ̀ ní abúlé náà tí yóò ṣe onídùúró fún un. Onídùúró yóò mú un lọ sọ́dọ̀ olórí ọdẹ, nítorí ọdẹ ni í mọ ọdẹ. Olórí ọdẹ yóò bi í léèrè ọ̀gá tí ó kọ́ ọ ní iṣẹ́, bóyá ajá ni ó fi ń dẹ tàbí iná alẹ́, àti bóyá ó ń dẹ tàkúté. Ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe ti eré. Ẹni tí ń gẹ̀gùn lórí igi ní òru àti ẹni tí ń fi ajá lé ẹran kò lè jọ wà nínú igbó kan ní àkókò kan náà láìsí ewu. Ẹni tí ń dẹ tàkúté sì gbọ́dọ̀ fi àmì sí ọ̀nà ibẹ̀, kí àgbẹ̀ tàbí aṣẹ́gi má baà fi ẹsẹ̀ kó o.

Lẹ́yìn èyí ni a ó mú un lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀ àti olórí ìdílé tí ó ni igbó, pẹ̀lú obì àti ọtí. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ kíyèsí i pé obì yìí kì í ṣe owó igbó. Ìtọrọ ni. Bí onílẹ̀ bá dá a padà, ọ̀rọ̀ tán. Bí ó bá gbà á, ojú àwọn àgbà ìdílé ni a ó ti pa á, a kì í pa á ní kọ̀rọ̀, nítorí pé àwọn tí ó jẹ nínú obì náà ni ìwé àdéhùn. Nígbà náà ni a ó fi ààlà han àlejò: odò, ọ̀nà, pèrègún tí a gbìn. A ó dárúkọ igbó tí kò gbọ́dọ̀ wọ̀ fún un. A ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ gbin igi tí ń pẹ́, bí obì, kòkó tàbí ọ̀pẹ. Ó lè gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ tí yóò jẹ ní àgọ́, nítorí pé kò pẹ́ tí a ó fi kó wọn kúrò lórí ilẹ̀. Igi tí ń pẹ́ a máa jẹ́rìí fún ẹni tí ó gbìn ín nígbà tí ẹni náà ti kú.

Nísinsin yìí, kí ni a ń san? Gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ọdẹ ti sọ fún mi, a kì í san ohunkóhun lórí òkété, ọ̀yà tàbí àparò. Ti ọbẹ̀ ọdẹ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àgbọ̀nrín tàbí ìmàdò tàbí ẹran mìíràn tí ó tóbi, itan kan yóò lọ sí ilé onílẹ̀, olórí ọdẹ pẹ̀lú a sì ní ipa tirẹ̀. Àwọn ẹranko kan sì wà tí ẹ̀tọ́ wọn ga ju ti onílẹ̀ lọ: ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, awọ ẹkùn ti ọba ni, bí a bá sì pa erin, ààfin ni a ń gbé ehín rẹ̀ kan lọ. Kò rọrùn fún ọdẹ láti yọ itan yìí. Àwọn àgbà ti wí pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Síbẹ̀ ó ń yọ ọ́, nítorí pé bí ó bá fi í pamọ́ lẹ́ẹ̀kan tí a sì mọ̀, igbó náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní rí onídùúró ní abúlé kejì.

Itan yìí kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ìṣákọ́lẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbátan ni wọ́n. Ìṣákọ́lẹ̀ ni ohun tí àgbẹ̀ àlejò ń san fún onílẹ̀ lọ́dọọdún, bóyá iṣu, bóyá èso oko, bóyá owó. Ó sì ń san án yálà oko so tàbí kò so. Ọdẹ ní tirẹ̀ kì í san nígbà tí kò bá pa ẹran. Ohun tí àgbẹ̀ gbà ni ilẹ̀. Ohun tí ọdẹ gbà ni àyè láti rìn kọjá lórí ilẹ̀ àti láti mú ohun tí ń rìn kọjá lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún onílẹ̀, pé, "Mo mọ̀ pé ìwọ ni o ni ín." Ní ojú òfin, ọ̀rọ̀ yìí ni ó ṣe pàtàkì ju ẹran tàbí iṣu lọ. Ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ ti jẹ́wọ́ pé òun kọ́ ni onílẹ̀. Bí ó bá ń san án tí ó sì ń hu ìwà rere, a kì í ṣàdédé lé e, ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú yóò sì jókòó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá sẹ́ onílẹ̀, tàbí tí ó tà nínú ilẹ̀ láìgba àṣẹ, ilé ẹjọ́ lè gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹjọ́ kan wà tí gbogbo ọmọ Èkó yẹ kí ó mọ̀ lórí ọ̀ràn yìí. Ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá, Amodu Tijani tí í ṣe Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, sì béèrè owó ilẹ̀ náà. Àwọn adájọ́ ní Èkó wí pé àṣẹ àti ẹ̀tọ́ owó òde nìkan ni olóyè ní lórí rẹ̀, pé kì í ṣe onílẹ̀ ní kíkún. Herbert Macaulay bá Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, ní 1921 sì ni Ìgbìmọ̀ Ọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ẹnu Viscount Haldane, dá ẹjọ́ náà pé ilẹ̀ jẹ́ ti àwùjọ, ti abúlé tàbí ti ìdílé ní kíkún, olóyè sì ń ṣe olùtọ́jú rẹ̀ fún wọn. Ẹni tí ó bá rò pé obì àti ìṣákọ́lẹ̀ kò ju ìwà ọmọlúàbí lọ, kí ó rántí pé irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí a gbé dé iwájú àwọn adájọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Kí ó sì rántí Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, níbi tí ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ ti dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín 1940 sí 1950, tí ìjà sì tún bẹ́ láàárín ìlú méjèèjì ní 1981 àti ní 1997, tí ẹ̀mí púpọ̀ ṣòfò.

Ọmọ ìjọ wa kan tí ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí, ròyìn fún mi pé níbẹ̀ pẹ̀lú ọdẹ ń tọrọ igbó, ó sì ń san owó rẹ̀. Ó pa mí lẹ́rìn-ín bí ọ̀nà wọn ti jọ tiwa tó. Ìjọba ni ó ni ẹran ìgbẹ́ ní orúkọ gbogbo ará ìlú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Texas fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti àwọn aládàáni tán, ẹnikẹ́ni kò sì lè wọ ilẹ̀ ẹlòmíràn láìgba àṣẹ. Nítorí náà ọdẹ a wá onílẹ̀, a dé ibẹ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí i kí ó tó san kọ́bọ̀, a béèrè ààlà, iye ọdẹ tí ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú, àti bóyá ó lè pa àgọ́. Owó rẹ̀ lè jẹ́ ti iye éékà fún ọdún kan, tàbí ti orí ọdẹ kọ̀ọ̀kan, tàbí ti ọjọ́. Onílẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba kí ó tó lè fi ilẹ̀ rẹ̀ gba owó ọdẹ, ọdẹ sì gbọ́dọ̀ ní ìwé tirẹ̀. Wọ́n a kọ ohun gbogbo sílẹ̀, títí kan ẹni tí yóò ru ẹ̀bi bí ènìyàn bá fara pa. Ìwé yìí ni obì tiwọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, onílẹ̀ lè fi ilẹ̀ fún àgbẹ̀ kí ó sì fi ẹ̀tọ́ ọdẹ orí rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Èyí sì ni àwọn àgbẹ̀ lára títí òfin 1880 fi gbà fún wọn láti máa pa ehoro tí ń jẹ ohun ọ̀gbìn wọn, láìka ohun tí onílẹ̀ bá wí sí.

Ní Alímọ̀ṣọ́ kò sí igbó ọdẹ mọ́. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ìpínlẹ̀ Èkó, nínú kíkà tirẹ̀, pè wọ́n ní 2,047,026. Ní Ìgándò, òkìtì pàǹtí Solous ni ohun tí ó ga jùlọ tí ojú rí. Bí a bá pe ọdẹ ní Ẹ̀gbẹ́dá lónìí, ẹni tí ń ṣọ́ àdúgbò ní òru ni yóò dáhùn. Ṣùgbọ́n àwọn tí iṣẹ́ náà ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ń ré kọjá sí Ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ mi nígbà mìíràn ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe. Mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó ni igbó. Igbó ìjọba kì í ṣe ti ìdílé kankan: Olókèméjì ti wà bẹ́ẹ̀ láti 1899, igbó Òmọ̀ láti 1925, ẹni tí ó bá sì gba owó wọn ní orúkọ bàbá rẹ̀, ẹ̀tàn ni. Nínú ọgbà ẹranko ti Ọ̀yọ́ Ilé, tí ó di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1991, a kò gbọ́dọ̀ dẹ ohunkóhun rárá. Òfin 1985 dáàbò bo àwọn ẹranko kan níbi gbogbo, yálà onílẹ̀ fọwọ́ sí i tàbí kò fọwọ́ sí i; ìbọn pẹ̀lú, títí kan ṣakabùlà, kò ṣe é gbé láìní ìwé àṣẹ láti ìgbà òfin 1959.

Bí igbó náà bá jẹ́ ti ìdílé, níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣìnà. Òfin 1978 fi ilẹ̀ gbogbo sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n kò pa ìdílé rẹ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni a ṣì ń lọ. Ilé ẹjọ́ ti sọ ọ́ ní 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, pé bí àwọn kan bá fi ilẹ̀ ìdílé fún ènìyàn láìsí olórí ìdílé, òfo ni. Bí olórí ìdílé bá sì ṣe é láìsí àwọn àgbà ojúlé, wọ́n lè fagi lé e. Nítorí náà kí ọdẹ má ṣe fi owó lé ọmọkùnrin tí ó pàdé ní ojú ọ̀nà lọ́wọ́, bí ó ti wù kí ohùn rẹ̀ le tó. Kí ó jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà, kí ó kọ orúkọ gbogbo wọn, ààlà, ọdún, àti iye owó. Kí a sì kọ ọ́ kedere pé ọdẹ ni ó gbà, kì í ṣe ilẹ̀. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí dára fún onílẹ̀. Ó dára fún ọdẹ pẹ̀lú, nítorí pé owó ọdẹ kò tó owó ilẹ̀, ẹni tí kò bá sì kọ ọ́ lè bá ara rẹ̀ níbi tí a ti ń béèrè owó ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo padà sí itan àgbọ̀nrín. Bí a ti ń wádìí ni a rí i pé ọ̀ràn náà burú ju bí mo ti rò lọ. Àwọn ọmọ ọdẹ ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi owó parí rẹ̀, wọ́n sì ti san án fún ojúlé kékeré nínú ìdílé onílẹ̀, wọ́n gba rìsíìtì. Ojúlé àgbà wí pé àwọn kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ojúlé kọ̀ọ̀kan sì ń wí pé ọ̀dọ̀ bàbá àwọn ni itan náà ń wá. Ìyá arúgbó kan ni ó tú u. Ó ní nígbà tí òun wà ní ọmọdébìnrin, òun ni ọdẹ náà máa ń gbé àwo ẹran rù, ilé àgbà ni òun sì ń gbé e lọ nígbà gbogbo. Mo bi í pé ṣé wọ́n a máa fi ohunkóhun rán an padà. Ó ní rárá, bàbá àgbà a kàn wí pé, "Ó ṣeun, ó mọ ojú ilẹ̀." Mo bi í nípa obì tí a gbìn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọdún tí ọdẹ náà gbin obì ni bàbá àgbà ránṣẹ́ pè é, tí wọ́n bínú sí ara wọn, tí wọ́n sì tún rẹ́. Láti ọdún náà ni agbọ̀n obì kan ti ń bá itan lọ.

Àwọn ọmọ ọdẹ dákẹ́. Ọmọ aládùúgbò kì í gbé agbọ̀n obì lọ lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n àwọn onílẹ̀ pẹ̀lú dákẹ́, nítorí pé bàbá wọn ti gba obì náà, kò sì lé ọdẹ náà lọ nígbà ayé rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni a fi jókòó sí i. Níkẹyìn ilé tí bàbá wọn kọ́ àti ibojì rẹ̀ dúró fún àwọn ọmọ, pẹ̀lú ìwé tí ojúlé méjèèjì fọwọ́ sí. Wọ́n san owó lórí pulọ́ọ̀tì tí wọ́n ti tà, kí a má baà wó ilé àwọn tí ó rà á. Ìyókù padà sọ́dọ̀ onílẹ̀. Ojúlé kékeré dá ìdajì owó tí wọ́n ti gbà padà. Olórí ìdílé wá wí pé ohun kan kù, pé ó ti pẹ́ tí itan ti dá. Kò sí ọdẹ kankan nínú àwọn ọmọ náà mọ́: ọ̀kan jẹ́ tíṣà, ọ̀kan ń wa ọkọ̀, ọ̀kan wà ní báńkì. Wọ́n gba ọjà Òlúwo lọ ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí a ti ń ta ẹran ìgbẹ́, wọ́n ra itan àgbọ̀nrín kan ní owó tí ó yà wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì gbé e rù wá sí ilé àgbà ní ọjọ́ Sátidé, ìyá arúgbó náà ṣáájú wọn.